Mílíìkì Yétúndé ní Rotadáàmù

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Kawo, òtútù ni gbogbo ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi. Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni itọ́ máa ń dì kó tó kanlẹ̀ lọ́hùn-ún? Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ rí ọba wọn? Mo dáhùn títí ó sú mi, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kà á, kí ẹni tí kò bá lè kà á ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún òun. Ìwé mi kò pọ̀. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, ẹ fò ó kọjá. Òtútù wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fi ara mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo gbé bọ̀ wálé lọ́kàn. Mílíìkì ni. Gbogbo àsìkò tí mo lò lọ́hùn-ún, mílíìkì ìkókó ni mò ń pò, ó sì kọ́ mi ní nǹkan nípa àwọn ènìyàn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Kawo. Èmi àti ìyàwó mi, Àdùkẹ́, la jọ ń tà á. Múdù méjì ló wà ní ìsọ̀ wa, abọ́ tí a fi ń wọn ẹ̀wà, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní kóńgò. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Etí tirẹ̀ ti wọ́ níbì kan, ṣùgbọ́n òun ni àwọn oníbàárà máa ń nawọ́ sí.

Àdùkẹ́ ló yẹ kó rin ìrìn-àjò yìí. Ọmọ wa Abọ́sẹ̀dé wà ní Họ́láńdì, ní ìlú Rotadáàmù, òun àti ọkọ rẹ̀ Káyọ̀dé. Oyún àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Àdùkẹ́ ti di ẹrù ṣáájú àkókò: òrí, kànìnkànìn, aṣọ tí a fi ń pọn ọmọ, atare, gbogbo ohun tí ìyá ọmọ máa ń gbé. Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ní orí ń fọ́ òun. Ó gbé orí lé àpò ẹ̀wà pé kí òun sinmi díẹ̀. Kò gbé e mọ́.

Bọ́sẹ̀ kò lè wá síbi ìsìnkú, oyún rẹ̀ ti wúwo jù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà, obìnrin ni. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kan léèrè orúkọ. Yétúndé ni. Ṣùgbọ́n ara ìyá rẹ̀ kò yá, oògùn tí wọ́n sì ń fún un kò jẹ́ kí ó lè fún ọmọ lọ́mú. Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, Bọ́sẹ̀ kò sunkún o. Láti ọjọ́ tí Màámi ti lọ, kò sunkún, kò sì dárúkọ wọn. Ó kàn ń wo ògiri. Èmi sì ní láti padà síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

"Èmi? Ọkùnrin ló ń lọ tọ́jú ìkókó?"

"Bàbá, ta ló kù?"

Mo wo àpò tí Àdùkẹ́ ti di sílẹ̀. Mo gbé e.

Ní Ungwan Rimi

Kí n tó lọ, mo lọ kọ́ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì Jùmọ̀kẹ́ tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé ní Ungwan Rimi, ló mú mi jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó gbé agolo mílíìkì kalẹ̀ níwájú mi àti fídà tí ọmọ fi ń mu ún.

"Bàbá, omi ni ìdí gbogbo rẹ̀. Ẹ sè é kí ó hó dáadáa. Ẹ dà á sí fíláàsì tó mọ́. Ẹ má fi ọkàn tán omi kankan tí iná kò bá kàn."

Kò nílò kó tún un sọ. Omi tí Sani mai ruwa ń fi ọmọlanke tì wá fún wa ní Kawo, Àdùkẹ́ kì í jẹ́ kí àgbàlagbà pàápàá mu ún láìsè. Jùmọ̀kẹ́ wá mú ṣíbí kékeré inú agolo, ó bu mílíìkì, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ṣíbí.

"Báyìí ni o, Bàbá. Kò gbọdọ̀ ga, kò gbọdọ̀ dín."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí mi gbọ́ lóòótọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́, ẹ ó rí i níwájú.

Lójú sánmà

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹgbẹ́ obìnrin kan ni wọ́n fi mí jókòó sí. Sẹlẹsitín ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kamẹrúùnù ni, Faransé ló ń gbé, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń jẹ́ Júníọ̀. Nígbà tí Júníọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ti ń retí pé kí ìyá rẹ̀ béèrè omi gbígbóná. Kò béèrè. Ó fa ike omi kan yọ nínú báàgì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ó dà á sínú fídà ní tútù bẹ́ẹ̀, ó da mílíìkì sí i, ó mì ín, ó fi sí ọmọ lẹ́nu.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ní, "Ìyá Júníọ̀, ẹ kò ní gbé e kaná?"

Ó rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dà bíi tèmi, ó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀. "Pápà, ní Faransé, omi inú ike la ń lò fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ó dára fún ìkókó."

"Ṣùgbọ́n ó tutù."

"Ọmọ tí kò mọ gbígbóná kì í béèrè rẹ̀."

Mo wo Júníọ̀. Ó ti mu ún tán, ó ń wo irùngbọ̀n mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí búrẹ́dì tó wú. Mo gbà á mọ́ra kí ìyá rẹ̀ lè jẹun, mo sì fún ìyá náà ní kúlíkúlí tí mo gbé láti Kawo. Ó fi eyín kan án, ó ní ìyá àgbà òun máa ń ṣe irú rẹ̀, omi sì lé sí i lójú. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀ kejì, ó fi mí lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá mi nìyí o." Àwa méjèèjì kò tíì mọ ara wa fún ọjọ́ kan.

Rotadáàmù

Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọwọ́. Kò sí òkè, kò sí àpáta. Omi wà níbi gbogbo, òjò kì í sì í rọ̀ bíi tiwa, ṣe ló ń wọ́n bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni fèrèsé. Wọn kì í fa kọ́tìnì. O lè dúró sí ìta kí o wo ènìyàn níbi tó ti ń jẹun, yóò sì juwọ́ sí ọ. Ní Malali, níbi tí àwọn olówó Kaduna ń gbé, ògiri ga ju ilé lọ, mẹ́gádì wà lẹ́nu géètì. Mo bi Káyọ̀dé bóyá ẹ̀rù kì í bà wọ́n. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹni tí kò ṣe nǹkan burúkú, kí ló ń fara pamọ́ fún?"

Nígbà tí mo wọlé, Bọ́sẹ̀ dìde díẹ̀ lórí ibùsùn. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàámi." Ó rí àpò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó yí ojú sí ògiri.

Wọ́n gbé Yétúndé fún mi. Ó fúyẹ́. Mo ti fi gbogbo ayé mi gbé nǹkan lé ọwọ́ kí n sọ bó ṣe wúwo tó. Ọmọ yìí fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Mo wo iwájú orí rẹ̀, mo rí Àdùkẹ́ níbẹ̀ ketekete. Mo sọ fún un nínú ọkàn mi pé, o ti lọ lẹ́ẹ̀kan, o kò ní lọ lẹ́ẹ̀kejì lójú mi.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará òkè ilé wa wá kí ọmọ, Píẹ́tà àti ìyàwó rẹ̀ Ánúska. Wọ́n ti béèrè tẹ́lẹ̀ àkókò tí wọ́n lè wá. Aago tí wọ́n dá gan-an ni wọ́n kan ilẹ̀kùn, mo rò pé wọ́n ti dúró sí ìta kó lè pé. Àṣà wọn ni pé bí obìnrin bá bí, wọ́n á fi bọ́tà sí búrẹ́dì gbígbẹ kan, wọ́n á wọ́n èso olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ṣúgà bò sí i lórí. Funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú ni ti ọmọbìnrin. Ó ń dún kàrà-kàrà lẹ́nu, ó sì dùn. Ánúska gbé ọ̀dùnkún tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ wá fún wa nínú ìkòkò. Mo wọ́n ata tí mo gbé wá sí i, mo jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí èmi náà lọ kí wọn lókè, wọ́n po kọfí fún mi. Ánúska ṣí agolo bisikíìtì, mo mú ọ̀kan. Ó dé agolo náà padà. Mo wò ó títí bóyá yóò tún ṣí i. Kò ṣí i. Mo padà sọ fún Káyọ̀dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, ọ̀kan ni wọ́n máa ń fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ahun. Ìwọ̀n wọn ni."

Mo ní, "Kò sí èènì?"

Ó ní, "Kò sí èènì ní gbogbo ilẹ̀ yìí, Bàbá."

Obìnrin tó ń wá sílé

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ní ilẹ̀ náà nìyí. Bí obìnrin bá bímọ, wọ́n ń rán olùtọ́jú kan sí ilé rẹ̀. Kì í ṣe pé yóò yọjú kó padà. Yóò wá láàárọ̀, yóò wẹ ọmọ, yóò wo ojú egbò ìyá, yóò fọ ilé ìwẹ̀, yóò se tíì fún bàbá ọmọ, yóò kọ́ wọn ní gbogbo ohun tí wọn kò mọ̀. Bí àkókò rẹ̀ bá pé lọ́sàn-án, yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú kan kò ní lé e. Títí ọjọ́ tí wọ́n yàn fún un yóò fi pé.

Maráíkè ni orúkọ tiwa. Obìnrin gíga ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó sì rọ̀. Ópà ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" nínú, ṣùgbọ́n ohùn Maráíkè ní in.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń po mílíìkì, mo ti gbé kẹ́tùlù. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó jẹ́ kí ó ṣàn díẹ̀, ó gbé fídà sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì fẹ́ da mílíìkì sí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màdáámù, omi yìí kò tíì hó."

"Kò nílò kó hó, Ópà."

"Ìkókó ni o."

"Mo mọ̀ pé ìkókó ni." Ó bu omi náà sínú ife, ó mu ún gbẹ, ó nu ẹnu. "Èmi mu ún nígbà tí mo wà ní ìkókó. Àwọn ọmọ mi mu ún. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn láti àárọ̀ di alẹ́ kò ju kí wọ́n máa yẹ omi yìí wò lọ."

Mo jókòó. Mo rántí Sani mai ruwa àti ọmọlanke rẹ̀, mo rántí bí Àdùkẹ́ ṣe máa ń dúró ti omi lórí iná bí ẹni dúró ti olè. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìlú tí ìyá ìkókó lè ṣí ẹ̀rọ omi láìfòyà, ìlú ńlá ni. Ibi tí wọ́n kọ́lé gogoro sí kọ́ ni mo mọ̀ pé mo ti dé òkè òkun. Ibẹ̀ ni.

Ó bu mílíìkì, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e dọ́gba, ó ní kí n wò ó. Mo wò ó. Ó ní ṣé ó yé mi. Mo ní ó yé mi.

Ṣùgbọ́n tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ tán, tí Káyọ̀dé ti lọ síbi iṣẹ́, tí ó ku èmi àti ọmọ àti ìyá tó ń wo ògiri, mo máa ń se omi mi. Ẹ má bínú. Ọgbọ́n ọjọ́ pípẹ́ kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan.

Ọmọ ń kọ fídà

Yétúndé kò sanra. Láàárọ̀, lọ́wọ́ Maráíkè, yóò mu mílíìkì rẹ̀ dáadáa. Lọ́wọ́ mi, yóò mu díẹ̀, yóò fi ahọ́n tì í jáde, yóò máa ké. Ikùn rẹ̀ le bí ìlẹ̀kẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì jáde bó ti yẹ. Bí ó bá ṣe ń ké sí i ni èmi náà ń po òmíràn sí i, mo rò pé ebi ni. Mo pọ̀n ọ́n, mo kọ orin fún un, mo pè é ní Àdùkẹ́. Kò gbọ́.

Maráíkè gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó wo nọ́ńbà náà, ó gbé ọmọ kúrò, ó tún gbé e padà. Mo mọ ojú ẹni tí òṣùwọ̀n kò bá sọ ohun tó fẹ́ gbọ́, mo ti rí i lójú oníbàárà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó ní, "Kò wúwo sí i. Ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Tó bá tún rí báyìí nígbà tí mo bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, a máa gbé e padà sí ọsibítù."

Bọ́sẹ̀ gbọ́. Ó fa aṣọ bora dé ọrùn. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tí Àdùkẹ́ gbé orí lé àpò ẹ̀wà nìkan ni mo tíì rí irú rẹ̀.

Ọ̀bẹ

Ọjọ́ kejì, Maráíkè kò bọ́ kóòtù rẹ̀ kó tó wọ ilé ìdáná. Ó gbé ọmọ lé apá kan, ó ní, "Ópà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ po ọ̀kan níṣojú mi. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe é gan-an. Ẹ ṣe bí ẹni pé n kò sí níbí."

Bọ́sẹ̀ ti jáde wá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó kúrò ní ibùsùn láìjẹ́ pé a gbé e dìde. Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é. Mo se omi, mo dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Maráíkè wo kẹ́tùlù náà, ó gbé ojú kúrò. Mo wọn omi. Mo ṣí agolo, mo ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Mo gbé e jáde, ó ní ṣóńṣó lórí. Mo dà á sí i. Mo bu èyí tó tẹ̀lé e, òun náà ní ṣóńṣó. Nígbà tí mo bù ú pé, mo tún fi ẹnu ṣíbí ta díẹ̀ lé e.

"Ẹ dúró," Maráíkè ní. "Kí ni ìyẹn?"

"Èwo?"

"Èyí tí ẹ dà sí i kẹ́yìn."

"Èènì ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, n kò rí i. Mo ní, "Ní ọjà wa, ẹni tó bá wọn nǹkan fún ọ, tó fi ọwọ́ gé e, tó wá dákẹ́, onítọ̀hún kò rí tìrẹ rò. Ó ní láti fi nǹkan lé e. Òun lo fi máa mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ."

Ó wo agolo, ó wo ọmọ, ó wò mí.

"Ópà, ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí."

"Ṣé ẹ ń bi mí ni?"

"N kò bi yín. Mò ń sọ fún yín ni. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Mílíìkì tó bá ki tó báyìí, ṣe ló ń fa omi kúrò lára ọmọ. Ó ń ké omi, ẹ sì ń fún un lóúnjẹ." Ó mú ọ̀bẹ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí ẹ̀wà lẹ fẹ́ tà fún un?"

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn. Mo rò pé ọmọ ló wúkọ́. Bọ́sẹ̀ ni. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Maráíkè, ẹ ò tíì rí nǹkan kan," ó ní. "Ká ní ìyá mi ló wá ni, ilẹ̀ ilé ìdáná yìí ni ẹ ò bá ti máa gbá mílíìkì. Ọwọ́ ti Bàámi kéré. Tí Màámi bá wọn ẹ̀wà fún ènìyàn, á máa yí lọ sábẹ́ tábìlì. Gbogbo adìyẹ Kawo ló mọ ìsọ̀ wọn."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n," mo ní. "Àkùkọ kan wà tó máa ń dé ṣáájú wa láàárọ̀."

"Àkùkọ Màmá Ládì."

"Òun náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín náà wá yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Màámi." Ó tún un pè. Ó bo ojú. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ti kú, ó sun ún níbẹ̀. Maráíkè kò ní kó dákẹ́. Ó gbé Yétúndé fún mi, ó fa àga kan, ó lọ jókòó tì í, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Èmi da mílíìkì àkọ́kọ́ nù. Mo po òmíràn, ọmọ ní èjìká mi. Mo bu ṣíbí, mo gbé ọ̀bẹ lé e, mo gé orí rẹ̀. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ó dà bí ẹni pé mò ń ṣahun sí ọmọ mi. Mo gé gbogbo wọn dọ́gba. N kò ta nǹkan kan lé e. Yétúndé gbà á, ó fà á, kò fi ahọ́n tì í. Ó mu ún títí fídà fi ń pariwo afẹ́fẹ́.

Nígbà tí Maráíkè ń lọ, ó ní, "Ti omi sísè yẹn, Ópà, kò pa ọmọ lára tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó fún un. Tí yóò bá jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀, ẹ máa sè é."

Òṣùwọ̀n

Wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún ti Maráíkè nítorí ọmọ náà. Láàárín rẹ̀, ikùn Yétúndé rọ̀. Aṣọ ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún bó ti yẹ, inú wa sì dùn sí i bí ẹni jẹ oyè. Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ fúnra rẹ̀. Ó tú àpò ìyá rẹ̀, ó fi òrí pa ọmọ lára, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ títí.

Ọjọ́ tí Maráíkè máa wọ̀n ọ́n, Káyọ̀dé, tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kò sùn nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Gbogbo wa dúró yí òṣùwọ̀n ká. Ọmọ náà na apá, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Maráíkè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo nọ́ńbà náà. Kò sọ ọ́. Ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Ópà, iṣẹ́ yín ni wíwọn nǹkan. Ẹ wá kà á fún wọn."

Mo kà á. Ó ti wúwo sí i. Ó ti ju ìwọ̀n tí wọ́n bí i lọ. Káyọ̀dé di orí ìyàwó rẹ̀ mú. Mo wo nọ́ńbà náà títí omi ojú mi kò fi jẹ́ kí n rí i mọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni Maráíkè parí. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, mo rí i tó wo aago. Mo ti mọ̀ pé yóò dìde, ìṣẹ́jú kan kò lé e rí. Kò dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba Yétúndé lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo òjò. Tíì rẹ̀ tutù, Káyọ̀dé po òmíràn fún un. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó wọ kóòtù.

Mo sìn ín dé ìdí kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Maráíkè, àkókò yín ti kọjá tipẹ́."

Ó ní, "Mo mọ̀. Èènì ni."

Kawo

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ìkókó níbí, ẹ má gbé àṣà ẹ̀rọ omi Rotadáàmù wá sí ọ̀dọ̀ wa o. Omi tiwa, ẹ sè é. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára agolo tí ẹ bá rà, nítorí ṣíbí agolo kan kì í ṣe ti èkejì. Kẹ́ ẹ sì gé e dọ́gba. Èyí ni ohun tí mo lè fi kọ́ni nínú ìrìn-àjò mi.

Ìsọ̀ mi ti kún fún eruku nígbà tí mo padà dé. Múdù Àdùkẹ́ wà lórí ìṣó níbi tí mo gbé e kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, gèlè rẹ̀ ni mo fi bò ó. Láti ọjọ́ náà, n kò fọwọ́ kàn án. Tèmi nìkan ni mò ń lò.

Oníbàárà tó kọ́kọ́ dé ni Hajiya Laraba láti Malali. Ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́ nìkan ló máa ń rà tẹ́lẹ̀. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní, "Baba, sannu da zuwa." Ó ní, "Allah ya jikan Mama," kí Ọlọ́run ṣàánú Àdùkẹ́. Mo ní àmín. Ó ní kí n wọn múdù ẹ̀wà kan fún òun. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ọmọ Bọ́sẹ̀. Ó ní ṣé ara rẹ̀ le, báwo ló ṣe tóbi tó?

Mo nawọ́ sókè, mo ṣí gèlè kúrò, mo mú múdù Àdùkẹ́. Mo ki í bọ inú ẹ̀wà. Mo gbé e jáde, mo fi ọwọ́ kejì kó òmíràn lé e, mo tún kó òmíràn lé e, títí ó fi ní ṣóńṣó bí òkè, títí ẹ̀wà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo dà á sínú àpò rẹ̀. Mo tún bù lé e.

Ó ní, "Baba, múdù kan ni mo sọ."

Mo ní, "Ọ̀kan náà ni, Hajiya. Ọwọ́ Àdùkẹ́ ni."